Irọ́ ni pé àkáǹtì kan ti tó fún gbogbo ìkànnì tí kò lọ́gàá

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ ní Òṣogbo ya àwòrán aṣọ tuntun, ó gbé e sórí ìkànnì ayélujára tó ń jẹ́ Mastodon, ó sì ní kí oníbàárà rẹ̀ kan tó wà lórí Bluesky, ìkànnì mìíràn, lọ wò ó. Oníbàárà náà wá orúkọ àbúrò mi títí, kò rí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ pé kò sẹ́ni tó ni àwọn ìkànnì yìí, pé ibi yòówù kéèyàn ti forúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa rí i?"

Mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa pàápàá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn má lọ́gàá, ọ̀tọ̀ ni kó gbọ́ èdè ẹlòmíì. Mastodon, tí Eugen Rochko bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2016, ń lo ìlànà kan tí àwọn ìkànnì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tó ń jẹ́ ActivityPub, èyí tí W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ayélujára, fọwọ́ sí ní 2018. Pixelfed, tó wà fún àwòrán, àti PeerTube, tó wà fún fídíò, náà ń lò ó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lórí ọ̀kan fi lè tẹ̀lé ẹni tó wà lórí èkejì. AT Protocol ni Bluesky ń lò ní tirẹ̀. Nostr, ìlànà mìíràn, tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Hausa àti Yorùbá lè jọ dúró ní Ọjà Ọba, bí ọ̀kan ò bá gbọ́ èdè èkejì, àfi kí wọ́n wá ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ wà lóòótọ́. Bridgy Fed ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí Mastodon gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀lé àkáǹtì Bridgy Fed, láti fi hàn pé òun gbà. Èyí dùn mọ́ mi, torí kò yẹ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lọ síbi tí kò rán an. Àwọn nǹkan kan ò sì lè kọjá lódindi. Lẹ́tà 500 ni Mastodon sábà máa ń gbà, Bluesky ò gbà ju 300 lọ, nítorí náà àlàyé gígùn lórí aró á gé kù lójú ọ̀nà. Lórí Mastodon, èèyàn lè kọ ohun tí àwọn tó ń tẹ̀lé e nìkan máa rí. Gbangba ni gbogbo ohun téèyàn bá gbé sójú ewé rẹ̀ lórí Bluesky, kò sí yàrá tí ògbufọ̀ lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí.

Àwọn tó ń sọ èdè kan náà tún lè tilẹ̀kùn mọ́ra wọn. Nígbà tí Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, ní Threads, ìkànnì rẹ̀ mìíràn, máa lo ActivityPub ní 2023, ọ̀pọ̀ alábòójútó sáfà Mastodon (kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí ìkànnì náà pín sí, tó ní alábòójútó tirẹ̀) ló jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní jẹ́ kó wọlé.

Ìkólọ sílé tuntun ńkọ́? Bí o bá kúrò ní sáfà Mastodon kan lọ sí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀lé ọ á bá ọ lọ, àmọ́ ohun tí o ti kọ á ṣẹ́kù síbi tó wà. Lórí Nostr, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn bíi ọ̀rọ̀ aṣínà, ló ń jẹ́rìí pé ìwọ lo ni orúkọ rẹ. Bó bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè bá ọ ṣe òmíràn.

Àbúrò mi ti tẹ̀lé ògbufọ̀ náà, ó sì tún àwòrán rẹ̀ gbé sókè. Àdírẹ́sì méjì ló wà lára káàdì tó ń so mọ́ aṣọ báyìí: tirẹ̀ lórí Mastodon, àti èyí tí ògbufọ̀ fún un lórí Bluesky.