Owó Partia yẹn kì í ṣe ti Arsaces àkọ́kọ́ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pín fọ́tò owó fàdákà ìjọba Partia àtijọ́ tó wà ní Ìráànì yẹn kiri, tẹ́ ẹ ní Arsaces tó dá ìjọba náà sílẹ̀ ló ṣe é torí pé orúkọ ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sinmi ná. Arsaces ti di orúkọ oyè, òun làwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀ ń kọ sára owó wọn, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń pe ọba tiwọn ní Késárì, torí náà orúkọ yẹn nìkan ò lè sọ ẹni tó ni owó fún wa. Ojú ọba ni kẹ́ ẹ wò. Arsaces àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní nǹkan bí ọdún 247 kí wọ́n tó bí Jésù, kò ní irùngbọ̀n lórí owó tiẹ̀, fìlà rírọ̀ tó bo etí ló dé. Èyí tẹ́ ẹ gbé síbí, irùngbọ̀n gígùn, fìlà gíga tó ní ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, Mithridates Kejì, ọba Partia tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀ tipẹ́, nìyẹn! Ó kú ní nǹkan bí ọdún 91 kí wọ́n tó bí Jésù. Ẹ yí owó náà padà, tafàtafà tó mú ọrun dání jókòó sórí ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ òkúta ribiti ló ń jókòó lé lórí owó àwọn kan tó ṣáájú.

Ẹni tó tún sọ pé owó Gíríìkì ni torí lẹ́tà Gíríìkì tó wà lára ẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ní Ìráànì ni wọ́n ti ṣe é, èdè Gíríìkì ló kàn gbòde lọ́hùn-ún látìgbà tí Alexander Ńlá ti ṣẹ́gun ibẹ̀.