Zeta Gundam tí wọ́n rún mọ́ fíìmù mẹ́ta: Dakar dà?

Jídé_Zeta: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Alẹ́ àná ni mo wo fíìmù Zeta Gundam mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tán, ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan nípa ogun rọ́bọ́ọ̀tì ńlá, A New Translation tí Tomino, olùdarí ẹ̀, gbé jáde láàárín 2005 sí 2006, inú mi ò sì dùn rárá. Ti orí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, apá 50 ni, wọ́n wá rún gbogbo ẹ̀ mọ́ fíìmù mẹ́ta tí ìkọ̀ọ̀kan ò tó wákàtí méjì, báwo ló ṣe fẹ́ gbà? Ẹ wo ikú ìyá Kamille, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Wọ́n ti obìnrin yẹn mọ́nú ìgò ńlá kan, wọ́n jù ú sí òfuurufú, ọmọ ẹ̀ ń rí i, ó ń na ọwọ́ Gundam, rọ́bọ́ọ̀tì tó wà nínú ẹ̀, kó lè gbá a mú, Jerid, ọmọ ogun àwọn ọ̀tá, tí ò mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀ yìnbọn lù ú, ìgò fọ́. Kò pẹ́, bàbá náà tún lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n ọmọ yẹn ráyè banú jẹ́, ó ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn, a sì mọ ohun tó ń ṣe é. Nínú fíìmù kò tíì mí kanlẹ̀ tí wọ́n tún fi tì í sínú ogun mìíràn.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Àwòrán ló bí èmi nínú ní tèmi. Wọ́n mú èyí tí wọ́n yà ní 1985, wọ́n lẹ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà mọ́ ọn, bí ìgbà tí wọ́n fi àǹkárá tuntun lẹ aṣọ tó ti ṣá. Kamille á ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ojú ẹ̀ á kàn yí padà, imú á yàtọ̀, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ yòò, kó tó sọ gbólóhùn kejì ó ti padà sí ti àtijọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa èyí tuntun láró díẹ̀ kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń rí i jàre.

Bọ̀dá Láyí: Ẹ rọra o ẹ̀yin àbúrò mi. Ká kó ìtàn jọ sínú fíìmù, ìyẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gundam àkọ́kọ́ ti 1979, àwọn tó ń wò ó ò pọ̀, wọ́n dá a dúró ní apá 43 nígbà tó yẹ kó dé 52. Fíìmù mẹ́ta tí wọ́n kó o jọ sí ní 1981 àti 1982, pẹ̀lú rọ́bọ́ọ̀tì oníke táwọn ọmọ ń tò, àwọn ló gbé e dé ibi tó wà lónìí. Yasuhiko tó ń ya àwọn èèyàn inú ẹ̀, àìsàn dá a gúnlẹ̀ nígbà tí ti tẹlifíṣọ̀n ń lọ lọ́wọ́, ìgbà tí ara ẹ̀ yá ló padà wá ya ọ̀pọ̀ àwòrán tuntun sínú fíìmù kẹta, ẹni tó bá wò ó á rí i pé ọwọ́ ọ̀gá ni. Tomino yìí náà kọ́ ló ṣe é?

Jídé_Zeta: Ẹ̀gbọ́n, òun ni, ẹ ṣeun, àmọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ló ń ti tèmi lẹ́yìn. Ti 1979 ní ohun tó ṣeé yọ. G-Armor, ọkọ̀ tó ń so mọ́ Gundam, tí wọ́n kó wọnú ẹ̀ torí àtita ohun ìṣeré, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ọkọ̀ ogun Core Booster rọ́pò ẹ̀, ìtàn sì já geere. Zeta kò ní irú ẹ̀, ẹni tó bá kú ní apá kan, ìbínú ẹ̀ ló ń ti ẹlòmíì ní apá mẹ́wàá sí i, ibi tóo bá fà yọ ni gbogbo ẹ̀ á ti máa tú.

Sista Bùkọ́lá: Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ Dakar! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Dakar nínú ìtàn rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ará Japan, mo dá a dúró, mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́. Dakar ti Sẹ̀nẹ̀gàl níbí o, nílẹ̀ wa, ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìjọba gbogbo ayé ti ń jókòó nínú ìtàn yẹn. Char, ọ̀tá inú Gundam àkọ́kọ́, tó ti ń fi orúkọ Quattro bora látìbẹ̀rẹ̀ dìde níbẹ̀, ó ní òun ni ọmọ Zeon Deikun, olórí àwọn ará òfuurufú tó ti kú, ó tú àṣírí ìwà ìkà Titans, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba yẹn, síta, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Titans ń yìnbọn láàárín ìlú, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn kọ̀yìn sí Titans. Fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá a títí, kò sí níbẹ̀! Òkè Kilimanjaro tí Titans fi ṣe ibùdó náà, wọ́n gé e. Gbogbo Áfíríkà ni wọ́n yọ kúrò nínú ìtàn yẹn, ó dùn mí wọnú eegun.

Táyé_K: Ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá, mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn fíìmù kẹta. Ní ìparí ti tẹlifíṣọ̀n, Scirocco tó jẹ́ olórí ọ̀tá ń kú lọ ló ba ọpọlọ Kamille jẹ́, ọmọ tí ò tíì pé 20 ọdún, ó jókòó sínú rọ́bọ́ọ̀tì Zeta ó ń sọ kántankàntan, ó ń bẹ̀ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun. Ọdún tí mo wò ó, ẹnì kan nínú ilé wa ń ṣàìsàn ọpọlọ, àwa la máa ń jókòó tì í lóru, mi ò lè wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láé. Nínú fíìmù, ara Kamille dá ṣáká, Fa, ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ láti kékeré, wá bá a, wọ́n dì mọ́ra nínú òfuurufú. Mo sunkún. Bí wọ́n bá torí ìyẹn nìkan ṣe fíìmù mẹ́ta, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Pẹ̀lẹ́ o Táyé, Ọlọ́run á wo ẹni yẹn sàn. Ohun tó ṣì ń jà mí lọ́kàn ni pé Gundam ZZ tó tẹ̀lé e ní 1986, Kamille aláìsàn ni wọ́n gbé dé ibẹ̀. Tí ara ẹ̀ bá ti dá, níbo ni ZZ fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dá Láyí: Tomino pè é ní ìtumọ̀ tuntun ṣá. Ẹni tó sọ ìtàn ní 1985 lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un sọ lẹ́yìn 20 ọdún, ọkàn ẹ̀ ti lè rọ̀.

Sista Bùkọ́lá: Bọ̀dá mi, ó lẹ́tọ̀ọ́, mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ tó bá fẹ́ ká yọ̀ pé Kamille là á já, ó yẹ kó jẹ́ ká rí ohun tó là kọjá. Ẹ wo Four, ọmọbìnrin tí Kamille fẹ́ràn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Kamille rò pé ó ti kú ní Hong Kong, ó tún padà rí i ní Kilimanjaro, Four wá kú lójú ẹ̀ torí pé ó fi ara ẹ̀ gba ìkọlù tó yẹ kó ba Kamille. Ìgbà méjì lọ́mọ yẹn pàdánù ẹnì kan ṣoṣo. Nínú fíìmù, Hong Kong ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n tún pààrọ̀ ohùn ẹ̀, wọ́n mú Yukana dípò Shimazu tó ṣe é ní 1985, nígbà tó jẹ́ pé Kamille, Char àti Amuro tó jẹ́ akọni Gundam àkọ́kọ́, àwọn olóhùn àtijọ́ náà ni.

Táyé_K: Ti Four yẹn, ẹ borí mi níbẹ̀. Fíìmù nìkan ni mo tún wò láti ìgbà yẹn, mo ti gbàgbé pé ó padà wá rárá. Tí n bá fẹ́ wo Kilimanjaro àti Dakar nìkan, láìdé ìparí, apá wo ni?

Sista Bùkọ́lá: 35, 36, 37. Wò ó tẹ̀léra, má fo ìkankan, 36 ni ti Four. Tóo bá ti wo 37 tán o lè dúró níbẹ̀ àbúrò mi, kò sẹ́ni tó máa fipá mú ẹ dé 50.