Màlúù Tí Kò Nírù

Òwe kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu wa nígbà tí ìṣòro bá dé bá ọmọlàkejì: "Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin." À ń pa á fún opó tí ọkọ rẹ̀ kú fi ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún. À ń pa á fún ọmọ òrukàn tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láìní alágbàtọ́, àti fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ti pa á tán, a ó dìde, a ó gbọn aṣọ wa, a ó sì máa lọ sílé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Ẹni tó dá òwe yìí ti wo màlúù dáadáa. Ìrù ni ẹran náà fi ń gbá eṣinṣin dànù lára. Èyí tí ìrù rẹ̀ gé kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí pápá tí àwọn darandaran ti ń da ẹran. Ẹ ó rí lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, òmíràn á gun ẹ̀yìn rẹ̀, á máa ṣa kòkòrò jẹ. Ẹ ó tún rí ọmọdé darandaran tó já ewé dání. Olúwa ló ń lé eṣinṣin náà lóòótọ́, ẹyẹ àti ènìyàn ló sì ń rán níṣẹ́. Òwe náà kò sì sọ pé eṣinṣin kò ní í bà lé aláìnírù. Ó ní a ń bá a lé e ni, nítorí eṣinṣin a máa padà wá.

Bí mo ṣe rí ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn nìyẹn, ìbáà jẹ́ ti ọmọlẹ́yìn Kírísítì, ti mùsùlùmí tàbí ti oníṣẹ̀ṣe. Ó ń kó wa sí àárín àwọn tí yóò bá wa lé eṣinṣin, ó sì ń sọ àwa náà di ẹni tí Olúwa lè rán.

Àwọn ènìyàn wa kan wà tí wọ́n di aláìnírù ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bràsíl. Nígbà tí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ogun kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, wọ́n sì tà wọ́n sọdá òkun sí ìlú Salvador. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n tà kò rí bàbá mọ́, kò rí ìyá, kò ní agbo ilé tí yóò gbèjà rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé pàápàá, wọ́n fi ti àwọn Potogí rọ́pò rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn tí àwọn òyìnbó ń pè ní Pacífico Licutan. Bilal ni orúkọ mùsùlùmí rẹ̀. Iṣẹ́ tábà ni olówó rẹ̀ fi í ṣe, ṣùgbọ́n àáfà ni lójú àwọn Nàgó. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dá owó jọ lẹ́ẹ̀mejì láti rà á padà kúrò lóko ẹrú. Nínú ìṣẹ́ ni wọ́n ti dá owó yìí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni olówó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ọdún 1834 ń parí lọ, gbèsè wọ olówó náà lọ́rùn, ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé Licutan bí ìgbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n títí wọn yóò fi rí i tà ní gbàǹjo. Ńṣe ni àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ bá a ní ẹ̀wọ̀n náà, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ gba ìre lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù ààwẹ̀ Ramadan, àwọn mùsùlùmí ìlú náà dìde ogun. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù ni ẹ̀wọ̀n tí bàbá yìí wà. Wọn kò rí i tú sílẹ̀. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, adájọ́ sì dá ẹgba fún Licutan, ẹni tó wà ní àtìmọ́lé ní gbogbo òru ọjọ́ náà.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí wá ni àǹfààní ìgbàgbọ́ bàbá yìí, n kò ní parọ́ fún un pé ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí. Kò ṣí. Ohun tí mo rí ni pé ní ìlú tí òfin ti kà á sí ẹrù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí bàbá. Àwọn tí kò ní nǹkan kan dáwó fún un, wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn wewu nítorí rẹ̀. Al-Kùránì ka ìtúsílẹ̀ ẹni tó wà lóko ẹrú mọ́ ohun mẹ́jọ tí a lè ná owó sàká lé lórí, ó sì ka onígbèsè mọ́ ọn. Àwọn Nàgó wọ̀nyí mú ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe wà.

Kì í ṣe àwọn mùsùlùmí nìkan. Ní ìlú Salvador yìí kan náà ni àwọn ènìyàn dúdú tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1832, Sociedade Protetora dos Desvalidos (Ẹgbẹ́ Aláàbò Àwọn Aláìní), láti máa tọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣàìsàn àti láti sin òkú rẹ̀ bí ó bá kú. Ẹgbẹ́ náà wà títí dòní. Àwọn olórìṣà ní tiwọn sì tún ìdílé dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé òrìṣà wọn, ẹni tó gbé òṣù, ohun mímọ́ tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn di olórìṣà, lé ọ lórí di ìyá rẹ, àwọn tí ẹ jọ wọlé di ọmọ ìyá rẹ. Eugênia Anna dos Santos, tó dá ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní ọdún 1910, kì í ṣe ọmọ Yorùbá nípa ẹ̀jẹ̀. Ọmọ Gurunsi, ẹ̀yà kan ní agbègbè Gánà àti Burkina Faso, ni àwọn òbí rẹ̀. Síbẹ̀ òun ló di ìyá fún ilé Ṣàngó. Ní ayé rẹ̀, ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé òrìṣà, wọn a sì kó ìlù lọ. Títí di ọdún 1976 ni ilé òrìṣà ní Bàhíà ní láti gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ọdún rẹ̀. Lónìí, ilé-ìwé àwọn ọmọdé kan wà nínú ọgbà Òpó Àfọ̀njá tó ń jẹ́ orúkọ ìyá yìí.

Nílé níbí náà, ní ọdún 1923, àwọn mùsùlùmí kan ní Èkó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò rí ilé-ìwé lọ láìjẹ́ pé ó wọ ti ìjọ Kírísítì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé.

Ẹnìkan lè wí pé ẹgbẹ́ alájọ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá dá lájọ ni wàá kó. Aláìnírù kò ní ohun tí yóò dá. Ẹni tó bá ń bá a lé eṣinṣin nítorí Ọlọ́run kò retí pé yóò san án padà, nítorí ó ti gbà pé Ẹni tó rán òun ń wo òun. Èyí ni n kò rí níbòmíràn bí mo ṣe rí i nínú ẹ̀sìn. Ohun kan tún wà tí ẹgbẹ́ kankan kò lè ṣe: ní òru, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé tán, ẹni tó gbàgbọ́ mọ̀ pé Adániwáyé kò gbàgbé òun. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé òwúrọ̀.

Àwọn onímọ̀ ìlera náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard gbé jáde ní ọdún 2016 tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 74,000 ní Amẹ́ríkà fún ọdún 16. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Kírísítì. Ikú láàárín àwọn tó ń lọ sí ilé ìjọsìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 33 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kì í lọ rárá. Èyí kò fi hàn pé ìjọsìn ni oògùn ikú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ohun tó lè fà á, wọ́n rí i pé àwọn tó ń lọ ní alátìlẹ́yìn ju àwọn yòókù lọ, wọn kì í sábà mu sìgá, ọkàn wọn kì í sì í rẹ̀wẹ̀sì tó ti àwọn yòókù. Àwọn àgbà ti sọ tiwọn tipẹ́: ènìyàn laṣọ mi.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní í fi bò. Ẹni tó bá ní kí o da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, tàbí oògùn kòkòrò HIV, tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré bí o bá ń lò ó, kò fẹ́ ọ fẹ́re, ohun yòówù kó máa jẹ́. Nọ́ọ̀sì àti dókítà wà lára àwọn tí Olúwa ń rán. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ní kí màlúù lé lékèélékèé dànù. Bákan náà ni ẹni tó bá ń gba owó ọjà lọ́wọ́ opó kí ó tó gbàdúrà fún un, eṣinṣin mìíràn ló kó wá.

Ìwọ tí o ti gbàdúrà títí tí nǹkan kò yí padà, má ṣe dá a gbé. Lọ bá ìyá kan nínú ẹgbẹ́ alásàlátù yín, tàbí bàbá kan ní ìpàdé ilé, kí o sì sọ ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an. "Ọpẹ́ ni" tí a máa ń dáhùn fún gbogbo ènìyàn dára, ṣùgbọ́n ẹni tí o fi í dá lóhùn kò lè mọ̀ pé kò sí oúnjẹ nílé.

Ìwọ tí ara tù, ka orí kejì ìwé Jákọ́bù, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ẹni tó rí arákùnrin rẹ̀ ní ìhòòhò, tó ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ ó móoru, tí kò sì fún un ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wo ẹni tí àyè rẹ̀ ti ṣófo láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Béèrè ilé rẹ̀. Má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo, má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí o tó débẹ̀. Bí o bá kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ léèrè ibi tó wà.