Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe aláìgbọràn kọ́ nìyí. Kò ní ká kọ iṣẹ́, kò sì ní ká bú ẹni tó rán wa. A ó lọ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹrú àti ọmọ lè gba ọ̀nà kan náà lọ sílé kan náà, kí iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ níbẹ̀ má bára mu. Kí baba fi ìbínú ní, "Lọ sọ fún lágbájá pé olè ni, kó kó owó mi wá!" Bí ẹrú bá débẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò kà á, torí bó bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, pàṣán ń dúró dè é nílé. Ọmọ á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, á ní, "Bàbá ní kí n kí yín o, wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí." Owó á wá, ọ̀rẹ́ ò sì ní bàjẹ́. Ọmọ mọ inú baba, ó sì mọ̀ pé bí ilé yẹn bá wó, òun náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Òwe yìí ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ṣẹlẹ̀. Màámi ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, dókítà sì ti fún wọn ní oògùn kan tí wọ́n ń lò láràárọ̀. Lóru ọjọ́ ìṣọ́ òru kan, pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá gba Ọlọ́run gbọ́ lóòótọ́ kó oògùn rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ, kó fi sílẹ̀ níbẹ̀, kó má sì wẹ̀yìn mọ́. Màámi tú etí ìró wọn, wọ́n yọ oògùn náà jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Wọ́n wò mí lójú kí wọ́n tó dìde, bí ẹni tó ń retí kí n sọ nǹkan. Èmi náà ń ṣe àmín ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ṣubú lulẹ̀ ní ìsọ̀ wọn. Nígbà tí mo débẹ̀, èlùbọ́ bo irun wọn, ó bo ìpéǹpéjú wọn, apá òsì wọn ò sì gbé mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti bi wọ́n pé, "Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ bi wọ́n léèrè?" Wọ́n ní, "Ta ni mí, ọmọ mi, tí n ó máa bi ojíṣẹ́ Ọlọ́run léèrè ọ̀rọ̀? Ṣé o ò kà á ni? Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni òróró mi."

Mo ti kà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó padà sídìí ẹ̀ láti kà á tán. Sáàmù 105 ni. Àwọn tí Ọlọ́run ń pè ní ẹni òróró níbẹ̀ ni Ábúráhámù, Ísáàkì àti Jékọ́bù, nígbà tí wọn ò tíì pọ̀, tí wọ́n ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, tí wọn ò ní ilẹ̀ baba lọ́wọ́. Àwọn wo ni Ọlọ́run ń sọ fún pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn wọ́n? Àwọn ọba ni! Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi gba àlejò lọ́wọ́ alágbára ni àwọn kan wá yí po lónìí, tí wọ́n fi ń di àwọn opó àti ìyá elélùbọ́ lẹ́nu. Ó dùn mí wọra.

Ẹni tó sì tún máa fi Dáfídì pẹ̀lú Sọ́ọ̀lù gbè é lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìyẹn náà dé òpin. Òótọ́ ni pé Dáfídì ò pa Sọ́ọ̀lù, ọba tó ń lépa ẹ̀mí rẹ̀, nínú ihò. Etí aṣọ ọba nìkan ló gé, ọkàn rẹ̀ sì tún dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Dáfídì ò jókòó sí ààfin kí ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù wá bá a. Ó sá. Ó dúró lókèèrè, ó pe ọba ní "Olúwa mi," ó dojú bolẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá bi í pé kí ló dé tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé òun ń wá ibi rẹ̀. Ó bu ọlá fún un, ó sì bi í léèrè, nínú ìdúró kan ṣoṣo.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí wọ́n máa kà létí ìjọ ju gbogbo wọn lọ wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 13. Ọlọ́run rán èèyàn Ọlọ́run kan láti Júdà lọ sí Bẹ́tẹ́lì, ó ní kò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀, kò gbọdọ̀ mu omi. Ọba Jèróbóámù pè é wá jẹun, ó kọ̀. Àgbà wòlíì kan wá bá a lọ́nà, ó ní, "Wòlíì bíi tìẹ lèmi náà, áńgẹ́lì ló ní kí n mú ọ padà wálé wá jẹun." Irọ́ ni. Èèyàn Ọlọ́run yìí tẹ̀ lé e, ó jẹun. Kìnnìún pa á lójú ọ̀nà. Ẹni tó kọ oúnjẹ ọba ni ahọ́n àgbà mú, nítorí àgbà yẹn fi orúkọ áńgẹ́lì síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn Ọlọ́run náà mọ ohun tí Ọlọ́run bá a sọ. Ó kàn gbà pé ó ti yí padà torí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dà bí ìtàn àtijọ́, ní 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú òkú nínú igbó Shakahola ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Òkú náà lé ní 400, ọmọdé wà níbẹ̀. Oníwàásù kan ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ní kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè lọ bá Jésù.

Kí ẹlẹ́sìn kan má rò pé ti onígbàgbọ́ nìkan ni mò ń sọ. Nínú hádíìsì tí Búkárì gbà wá láti ọ̀dọ̀ Álíì, Ànábì rán àwọn ọmọ ogun jáde, ó fi ọ̀gá kan ṣe olórí wọn, ó ní kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Inú bí ọ̀gá yìí. Ó ní kí wọ́n ṣẹ́gi, kí wọ́n dáná, kí wọ́n wọnú rẹ̀, ṣebí Ànábì ní kí wọ́n gbọ́ tòun. Àwọn kan fẹ́ wọ̀ ọ́. Àwọn tó kù dì wọ́n mú, wọ́n ní, "Iná la sá fún tá a fi wá bá Ànábì." Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí iná fi kú, tí inú ọ̀gá sì rọ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní ká ní wọ́n wọ̀ ọ́ ni, wọn ò ní jáde títí di ọjọ́ ìgbéǹde; inú ohun tó dára nìkan ni ìgbọràn wà.

Nídìí Ifá ńkọ́? Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò kì í sọ ohun tó bá a wá fún babaláwo. Owó ni yóò gbé sẹ́nu, yóò sọ tinú rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì fi lé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Bó bá kan ìbò, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń mọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ oníbèéèrè ni owó ẹyọ àti egungun ń wà. Ó pa ọwọ́ méjèèjì dé, babaláwo ò mọ èyí tó wà ní ọ̀tún, kò mọ èyí tó wà ní òsì, kó tó ní kó la ọ̀kan. Babaláwo a máa ki ẹsẹ odù lọ, ẹni tó mọ ohun tó sọ sétí owó ni yóò mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ òun mu. Àwọn baba wa bọ̀wọ̀ fún awo, síbẹ̀ wọn ò kó gbogbo ẹ̀rí lé awo nìkan lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti gba ọ̀rọ̀ yìí sódì. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti bú àlùfáà, wọ́n ti ronú nìyẹn. Rárá. Ẹni tó kúrò lábẹ́ pásítọ̀ tó lọ di ọmọ ẹ̀yìn ẹni kan tó ń pariwo lórí fóònù kò tíì fi orí ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ìrònú sì lè gbé ẹni méjì lọ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1901, nítorí bí Bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó ṣe ṣe sí James Johnson, àlùfáà dúdú tó ti ń darí wọn, àwọn ọmọ ìjọ Àńgílíkà St. Paul's Breadfruit l'Ékòó kan jáde, wọ́n dá African Church sílẹ̀. Johnson tí wọ́n jà fún kò bá wọn lọ. Inú Àńgílíkà ló wà títí ó fi kú ní 1917. N kò lè pe ìkankan nínú wọn ní ẹrú.

Apá Màámi ti ń gbé padà díẹ̀díẹ̀. Wọn ò fi ìjọ yẹn sílẹ̀, èmi náà ò sì fi ipá mú wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ padà lọ, èmi ni mo dì wọ́n lápá mú. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú pásítọ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n tú etí ìró, wọ́n na oògùn náà sí i. "Dádì, ẹ bá mi gbàdúrà sí i, kó ṣiṣẹ́ lára mi." Pásítọ̀ dákẹ́. Àwọn èèyàn ń wò. Màámi ò dìde, wọn ò sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbàdúrà. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n ní kí n bá wọn bu omi wá, wọ́n sì gbé ti ọjọ́ yẹn mì níbẹ̀.