Bíà tó tètè hó tán kò tíì bàjẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi da odindi lítà 20 nù. Bíà tó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn nínú yàrá rẹ̀ ní Òmù-Àrán ni. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni bíà ṣẹ̀? Ó hó fún ọjọ́ kan àtààbọ̀, ó sì dákẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní bíà gidi kì í hó tán kó tó pé ọ̀sẹ̀ 2, pé èyí tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bàjẹ́. Ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sẹ́yìn ilé. Kò tọ́ ọ wò o! Kò tiẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ni mo ń gbọ́ ọ.

Ẹmu tó dùn bí oyin nígbà tí adẹ́mu gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, báwo ló ṣe ń rí lálẹ́? Ó ti le, ó ti ń ta lẹ́nu. Ta ló dà á nù rí nítorí pé ó yára? Yíìsì ti ń dúró dè é nínú agbè, oòrùn sì wà lókè. Ohun kan náà ló ń lé bíà sáré: ooru, àti yíìsì tó pọ̀. Ohun abẹ̀mí ni yíìsì, ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀, jíjẹ tó ń jẹ ẹ́ ló sì ń mú ọtí hó. Bí ara rẹ̀ bá ṣe ń gbóná sí ló ń yára jẹun sí, àfi tí ooru bá pọ̀ débi tó pa á.

Ọ̀sẹ̀ 2 tí ọ̀rẹ́ ọmọ wa ń wí, inú ìwé òyìnbó ló ti wá, láti ibi tó tutù. Ní Jámánì, nǹkan bí 8 sí 12 lórí Celsius ni bíà lager ti ń hó. Yàrá ọmọ wa nínú oṣù kẹta ń kọ́? Ooru ibẹ̀ ju 30 lọ. Ní Nọ́wè pàápàá, àwọn àgbẹ̀ ní yíìsì ìdílé kan tó ń jẹ́ kveik, tí wọ́n ń dà sínú omi ọkà tí wọ́n fẹ́ sọ di bíà nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 35 sí 40. Ọjọ́ 2 sí 3, ó ti parí.

Mo ti dán an wò fúnra mi lọ́dún tó kọjá. Mo pín omi ọkà inú ìkòkò kan ṣoṣo sí kẹ́ẹ̀gì méjì, yíìsì iye kan náà. Mo gbé ọ̀kan sínú ọpọ́n omi, mo fi aṣọ tútù wé e. Mo fi èkejì sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ti ilé ìdáná hó bí ẹni tí wọ́n ń lé, ìfófò rẹ̀ gba ẹnu kẹ́ẹ̀gì jáde, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ti dákẹ́. Ti inú omi lo ọjọ́ 6. Mo wá ti gíláàsì onínọ́ńbà tí a fi ń wọn ṣúgà bọ inú méjèèjì. Bí ṣúgà bá ṣe ń tán ni nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Láti 1.048 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, 1.012 ni méjèèjì parí sí. Níbo ni ìbàjẹ́ wà?

Ó dáa, ti ilé ìdáná ta lọ́nà ọ̀fun díẹ̀. Ooru àpọ̀jù máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ló mu ún tán.

Màmá àgbà mi ń pọn ọtí ọkà bàbà lábúlé kan lẹ́bàá Àjàṣẹ́-Ìpo. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni wọ́n fi ń gbé ti òní dìde. Wọ́n á dà á sí i nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà ti jókòó. Àwọn tó ń sọ pé ayé ló fọwọ́ kan ọtí tó bá yára, n ò ráyè tiwọn. Bíà tó bàjẹ́ kì í sábà fara pamọ́: á máa rùn bíi fíníkà, tàbí kí awọ funfun bo ojú rẹ̀.

Ọmọ náà tún ti pọn òmíràn. Ó pè mí lánàá: “Àǹtí, ó ti tún dákẹ́ o.” Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó wọn ṣúgà rẹ̀ lónìí, kó tún un wọ̀n ní ọ̀túnla. Bí nọ́ńbà ò bá yí padà, kó rọ ọ́ sínú ìgò. Bó bá ṣì ń lọ sílẹ̀, kó dúró, kí ìgò má baà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní gíláàsì yẹn. Mo ti fi tèmi rán awakọ̀ kan láti Ìlọrin níbí.