Títóbi súmò kọ́ ló ń gbẹ omi àjà ilẹ̀

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ta páìpù n'Ílọrin, ẹ ní omi ń sun sí àjà ilẹ̀ yín lásìkò òjò. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á ti gbé súmò, ẹ̀rọ tí a ń ki bọ inú omi láti fà á jáde, síwájú yín, ti hóòsì kan (hóòsì ni ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ). Ẹ béèrè ìdajì hóòsì, kí ẹ wá wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín, bí ahun. "Alàájì, ẹ gbé ńlá o! Èyí á fà á gbẹ kíá." Oníná á sọ bẹ́ẹ̀, púlọ́ńbà á sọ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò náà á sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Èmi náà gbà á gbọ́. Súmò méjì ló bá a lọ.

Ilé wa tí mo rà wọ́n fún wà lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ tó kọjú sí odò Asa. Iwájú rẹ̀ bá títì dọ́gba, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ni bíríkìlà bá sọ abẹ́ rẹ̀ di yàrá tí a ń kó ọjà sí. Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án, omi á máa sun gba ìdí ògiri wọlé. A gbẹ́ kòtò sí igun, a ki súmò hóòsì kan bọ̀ ọ́, irú ti bọ́họ́ọ̀lù, oníná so fílóótì mọ́ ọn, súìṣì tó ń léfòó, tó ń tan ẹ̀rọ bí omi bá gòkè, tó ń pa á bí omi bá lọ sílẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó fà á kíá. Kí ẹ tó ka mẹ́wàá, kòtò ti gbẹ, ó ti kú. Omi sun padà, ó tún ta. Ó ń ta, ó ń kú, ó ń ta, ó ń kú, títí ilẹ̀ fi mọ́. Òjò kẹta ló jóná. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo lọ ra òmíràn. Ìyẹn ò tiẹ̀ pẹ́ tó ti àkọ́kọ́.

Kì í ṣe ayédèrú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kòtò roboto tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, tí omi inú rẹ̀ ń gòkè sẹ̀ǹtímítà 25 kí fílóótì tó tan ẹ̀rọ, omi tó wà láàárín ìyẹn kò ju nǹkan bíi lítà 40 lọ. Kò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Ẹ̀rọ tó ń tú lítà 250 jáde ní ìṣẹ́jú kan á gbẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí mọ́tò bá ń gbéra gan-an ló ń fa iná jù, ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń sáré lọ. Ooru ìgbéra lemọ́lemọ́ yẹn ló ń jó wáyà inú rẹ̀, òun náà ló ń jẹ ẹnu súìṣì fílóótì. Ẹ̀rọ kékeré tó ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ kó tó sinmi kì í rí irú ìyà yìí. Àgbàrá là ń lé, kì í ṣe agbára là ń dá.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá: bọ́họ́ọ̀lù ló bí i. Omi bọ́họ́ọ̀lù ń gun ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà láti abẹ́ ilẹ̀ dé inú táńkì, hóòsì wúlò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí súmò rẹ̀ fi gùn gbọọrọ, tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ sì to léra wọn. Omi àjà ilẹ̀ kò gun ju mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi tó yí súmò bọ́họ́ọ̀lù ká ló ń mú ara rẹ̀ tutù. Nínú kòtò tí kò jìn, ara rẹ̀ á yọ síta, á sì máa gbóná. Iyanrìn inú omi ẹlẹ́rẹ̀ á máa lọ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kòtò kúrú, ó sanra, ìdí rẹ̀ ló fi ń mu omi, ó lè gbé omi ẹlẹ́rẹ̀, fílóótì rẹ̀ sì bá a wá.

Àwọn kan á ní àpáta ló wà lábẹ́ Ìlọrin, omi wo ló fẹ́ pọ̀ níbẹ̀? Àpáta yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òjò á wọnú ilẹ̀, á bá àpáta, kò ní lè kọjá, á wá máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí ògiri yín bá wà lọ́nà, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹ wo kànga àdúgbò yín lóṣù kẹsàn-án, kí ẹ wo bí okùn tí ẹ ń sọ sí i ṣe kúrú sí ti oṣù kẹta.

Kí lẹ wá fẹ́ rà? Omi yín ni kó sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ gidi, ẹ gbọ́n kòtò náà, kí ẹ wá wo aago. Nínú kòtò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, íǹṣì kan omi jẹ́ nǹkan bíi lítà mẹ́rin, rọ́bà pẹ́ńtì kan tí a fi ń wọn gàrí. Bó bá fi íǹṣì márùn-ún gòkè ní ìṣẹ́jú kan, lítà 20 nìyẹn. Ẹ ra èyí tó lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀, lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ní ibi gíga tí omi yín máa gùn dé. Ìdá mẹ́ta hóòsì ṣe èyí láì làágùn.

Gbólóhùn "ibi gíga" yẹn ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni páálí ẹ̀rọ ti ń tan èèyàn. Q max tí ẹ ń rí lára rẹ̀ ni omi tó ń tú nígbà tí kò gun ibì kankan rárá. H max ni ibi gíga tí omi á dé tí kò ní lè jáde mọ́. Àwọn méjèèjì kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wọn ìsàlẹ̀ kòtò dé ibi tí páìpù ti yà síta, ẹ fi díẹ̀ kún un fún ẹ́ẹ́bò (ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà) kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá wo àtẹ tó bá ẹ̀rọ náà wá.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà ńbẹ̀. Ọjọ́ òjò ńlá ni iná sábà máa ń lọ. Hóòsì kan jẹ́ wáàtì 746 kí a tó ka ti ìgbéra mọ́ ọn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé e dìde. Ẹ̀rọ kékeré nìkan ni ínfátà tó mọ níwọ̀n lè bá yín gbé lóru. Bí omi ibi tiyín bá pọ̀ lóòótọ́, kékeré méjì ni kí ẹ fi sí i, kí fílóótì ìkejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀kan ò bá ká a mọ́ ni èkejì á dìde.

Ti pé kí a gbé e kalẹ̀ kò le. Ẹ má gbé e lé ẹrẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, kí fílóótì má fara kan ògiri kòtò. Ẹ fi nọ́n-rítọ̀ọ̀n sára páìpù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi inú páìpù á máa já padà sínú kòtò, ẹ̀rọ á sì máa fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu páìpù, ó kéré tán mítà mẹ́ta sí ilé, síhà ìsàlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ki ẹnu páìpù bọ inú sókàwéè ilé ara rẹ̀. Omi kan náà ló ń fà láti àárọ̀ dalẹ́. Kí súìṣì wà lókè, kí wáyà ilẹ̀ wà. Bí omi bá ti kún àjà ilẹ̀, ẹ má tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó paná.

Lóṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì sínú kòtò tiwa láti gbọ́ bóyá á ta. Ìdá mẹ́ta hóòsì ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn méjì tó jóná wà nínú yàrá ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́pà inú wọn, kó wá ná an.