Ta ló ní sàbárà ń jẹ ọ̀rá ilẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tó ra ilẹ̀ oko sí apá Katsina tún gbé e dé lánàá. Ó ní ọ̀lẹ ni àwọn tó ta ilẹ̀ náà fún òun, wọ́n fi igi sàbárà, igi kúkúrú kan tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú oko lápá òkè Hausa, sílẹ̀ káàkiri inú oko jéró, igi náà sì ti fa gbogbo ọ̀rá ilẹ̀ gbẹ. Ó fẹ́ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó sì dáná sun ún. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi!

Daura, ní Katsina níbẹ̀, ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹ mú ọkọ́, ẹ gbẹ́ ìdí sàbárà kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ óò bá ewé tó ti ń jẹrà, ikán, ìgbẹ́ ewúrẹ́, àti eruku tí ẹ̀ka rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọyẹ́. Ẹ wá bọ́ sí gbangba, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ náà: iyanrìn lásán ni. Bí igi bá ń jẹ ọ̀rá, báwo ló ṣe jẹ́ pé ìdí rẹ̀ gan-an lọ̀rá pọ̀ sí?

Ti omi ló tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí òjò dá lójijì lọ́dún tí mo wà níbẹ̀, jéró tó wà ní gbangba ká ewé jọ láàárọ̀ kùtù, èyí tó wà nídìí sàbárà ṣì nàró. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ìdí rẹ̀ ní Senegal. Gbòǹgbò igi yìí jìn gan-an. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ewé kò fa omi mọ́, omi tí gbòǹgbò ń fà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á máa jò sínú ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lókè. Wọ́n fi omi tí wọ́n ti sàmì sí, kí wọ́n lè dá a mọ̀ níbi tó bá dé, sára gbòǹgbò náà ní nǹkan bíi mítà kan nísàlẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí omi ọ̀hún nínú jéró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìwádìí yìí, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀dá dán oko wò: jéró tó wà pẹ̀lú igi fi ohun tó lé ní 900% so ju èyí tó dá wà lọ.

Wọ́n á ní tí a bá sun ún, ọdún àkọ́kọ́ máa ń dára. Eérú ni ẹ rí yẹn. Nítírójìn, èròjà tó ń mú irúgbìn dàgbà, ti bá èéfín lọ, atẹ́gùn á sì gbá èyí tó kù.

Ó dáa, kì í ṣe gbogbo igi ló rí báyìí, bó bá sì pọ̀ jù á ṣíji bo jéró. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kí ẹ tó gbìn, ẹ tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹ fi kùkùté sílẹ̀. (Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ nínú ewé náà o, àwọn ará ibẹ̀ ń sè é fún ikọ́.) Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, àwọn àgbẹ̀ ti ń jẹ́ kí kùkùté igi oko wọn rú láti bíi 1983. Lónìí, ilẹ̀ tí igi ti hù padà sí lọ́nà yìí ní Niger lé ní mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà, kò sì sí ẹni tó pín irúgbìn igi fún ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà.